Agbolé tí Kọ̀ǹpútà Júwe fún Ìyá Hàjàrá

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní àgbà nílé, ẹ bá mi ka ìtàn yìí dé òpin. Ẹ má fo ibì kankan.

1. Ẹni tó bá gbé àdúgbò Zogbeli ní Gánà rí á rántí kóósè, àkàrà tí Ìyá Hàjàrá ń dín tà. Láàárọ̀, kí epo tó gbóná, ìtàn á ti bẹ̀rẹ̀: bí ìjọba ṣe ní kí àwọn àlejò kúrò ní Gánà lọ́dún 1969, bí bàbá rẹ̀ ṣe kó ẹrù sínú lọ́rì, bí Ìsá àbúrò rẹ̀ ṣe di gèlè rẹ̀ mú tí kò fẹ́ jù ú sílẹ̀. Ìyá ti wà nílé ọkọ nígbà náà, ìyẹn ló fi dúró. Á wá dárúkọ ìlú àti agbolé tí wọ́n padà sí, á ní kí Abdul-Mumin, ọmọ ọmọ rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀, kó lè mú òun lọ rí Ìsá lọ́jọ́ kan. Mumin á ní, "Tò, Ìyá, mò ń bọ̀," kò sì kọ ọ́ rí. Ayé ìgbà yẹn dùn o. A rò pé kò ní tán.

2. Nígbà tó yá, iṣẹ́ Mumin ní àdúgbò Dungu ni láti kọ́ kọ̀ǹpútà kó máa ka ìkànnì ayélujára, kó sì fúnra rẹ̀ mọ ohun tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀: ta ló bí ta, ìlú wo ló wà níbo. Ohun tó bá ti kà níbi mẹ́ta, ó gbà á nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ìran tiwọn hàn nínú rẹ̀. Ojú ti Mumin pé tirẹ̀ kò sí. Ìyá wà nílé, ìbéèrè kan péré ni, kò pè é. Ó kọ ọ́ pé Ilé Ọlọ́lá ní Ìlọrin ni wọ́n ti wá, nítorí pé orúkọ náà dùn ún gbọ́ létí. Ìkànnì mẹ́ta ló kọ ọ́ sí. Kọ̀ǹpútà kà á, ó gbà á.

3. Ọdún mẹ́fà kọjá. Ogbó gba orúkọ ìlú náà lẹ́nu Ìyá, orúkọ Ìsá nìkan ló ṣẹ́ kù. Ó ń sunkún pé kí wọ́n mú òun lọ rí i. Mumin bi kọ̀ǹpútà. Ogún ìkànnì ló ti da irọ́ rẹ̀ kọ, èsì náà kò sì ṣiyèméjì: Ilé Ọlọ́lá, Ìlọrin. Wasila ìyàwó rẹ̀ bi í pé ṣé ó dá a lójú. Mumin ní ogún ènìyàn kò lè purọ́ kan náà, pé bóyá òun tiẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu Ìyá nígbà náà ni. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tó purọ́ ló wá gba irọ́ ara rẹ̀ gbọ́.

4. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò lójú ọ̀nà. Àwọn ará agbolé náà gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún wọn lóúnjẹ, ṣùgbọ́n wọn ò mọ Ìsá kankan tó ti Gánà dé. Ìyá ń wo ojú arúgbó kọ̀ọ̀kan.

"Mumin," ó ní, "Ìsá ló ní kí wọ́n sọ pé òun ò sí. Ó ṣì ń bínú pé mi ò bá wọn lọ."

Ibẹ̀ ni Mumin ti rántí irọ́ tó kọ. Ó fẹ́ jẹ́wọ́, ojú tì í. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, Ìyá."

Kí oṣù náà tó parí, Ìyá kú. Títí ó fi kú, ó gbà pé àbúrò òun kọ òun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kọ̀ǹpútà kò ṣẹ̀ ẹnì kankan. Ohun tí a kọ ló kà. Ẹ má fi àbá kọ ìtàn ilé yín. Bí àgbà bá wà lọ́dọ̀ yín lónìí, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ lọ bi í kó tó gbàgbé. Mumin béèrè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ara rẹ̀ ló bi. Abéèrè kì í ṣìnà, bó bá jẹ́ ẹni tó mọ ọ̀nà ló bi.