Wọ́n Pe Táyé, Ó Dáhùn

Gbogbo àdúgbò Oregbeni ló mọ̀ pé Táyé ti kú. Comfort, tó ń ta aṣọ òkìrìkà lẹ́bàá títì, ti sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ tó kó dé, nígbà tí ogun ṣì ń jà, tó pọn Kẹ́hìndé sẹ́yìn. Ó ní ìbejì ni wọ́n, ọ̀kan ti lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Ìbejì. Àwọn obìnrin inú ọgbà kì í béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ojú rẹ̀ máa ń yí padà. Kẹ́hìndé nìkan ló máa ń béèrè ibi tí wọ́n sin Táyé sí. Comfort á ní Oǹdó ni. Nígbà mìíràn, á ní Ọ̀rẹ̀ ni.

Comfort kì í jẹ́ kí ọmọ náà lọ síbi tí èrò bá pọ̀ sí. Ọdún ń dé, ọdún ń lọ, kò mú un lọ kí ẹbí kankan rí. Nígbà tí Àbúdù, tó ń lẹ táyà níwájú ilé wọn, wá bẹ̀ ẹ́ pé kí Kẹ́hìndé bá àwọn ọmọ àdúgbò sáré níbi ìdíje ọdọọdún, ó kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ẹ ṣàánú wa," Àbúdù wí. "Àwọn ọmọ yìí ò ní pápá, wọn ò ní bàtà. Ọjọ́ kan ṣoṣo yìí náà ni ìlú máa ń rí wọn. Bí Kẹ́hìndé ò bá sáré, ẹ̀yìn la máa wà."

"Mama, abeg," Kẹ́hìndé wí. "I go win am."

Comfort wo ọmọ náà títí. Ó gbà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ sí pápá, ó fá orí rẹ̀ kodoro, ó ní ooru ń mú.

Ọ̀sán Sátidé kan ni, lọ́dún 1979. Wọ́n ti fi ẹfun fa ìlà sórí iyẹ̀pẹ̀ pupa. Àwọn ọmọ iléèwé Uwasota, àdúgbò mìíràn, dé nínú ọkọ̀ akẹ́rù pẹ̀lú aṣọ búlúù lọ́rùn wọn. Tísà obìnrin kan, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Ilẹ́ṣà, ló kó wọn wá. Comfort dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó fi ìborùn bo orí.

Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin tò sórí ìlà, ariwo pápá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń yí rédíò wálẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kẹ́hìndé, Kẹ́hìndé mìíràn ló dúró. Ojú kan náà, ọrùn gígùn kan náà, orúnkún tó wọnú díẹ̀ kan náà. Aṣọ búlúù àti irun dídì nìkan ni ìyàtọ̀. Àwọn méjèèjì ò tíì rí ara wọn. Iwájú ni wọ́n ń wò.

Wọ́n fọn fèrè. Ẹsẹ̀ wọn ń gbéra pọ̀, ó ń balẹ̀ pọ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà kan bo ojú rẹ̀. Ọmọ Uwasota ló kọ́kọ́ já okùn, Kẹ́hìndé sì tẹ̀ lé e.

Ohùn Àbúdù ló kọ́kọ́ jáde. Kò pariwo. Ó dà bí ẹni ń dán nǹkan wò.

"Táyé?"

Ọmọ aláṣọ búlúù yíjú padà. "Sà?"

Àwọn kan sá. Comfort fa ìborùn bojú. Àbúdù sún mọ́ ọmọ náà, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Ó gbóná, ó ń làágùn.

"Kì í ṣe òkú o!" ó kígbe. "Ọmọ yìí ò kú rárá! Wọ́n jí i gbé ni!"

Tísà Uwasota ti ń sáré bọ̀, gèlè rẹ̀ ti ṣubú. Yétúndé ni wọ́n ń pè é. Kò tilẹ̀ wo Táyé. Kẹ́hìndé ló dì mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń pariwo. "Àwọn ọmọ mi! Àwọn ọmọ mi rèé!"

"Ẹ wo olè!" obìnrin kan wí. "Ọ̀kan ò tó o, ó tún fẹ́ gba èkejì!"

Wọ́n já Kẹ́hìndé gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló mọ̀ ọ́n? Àlejò ni. Wọ́n yíjú sí Comfort, ẹni tí wọ́n ti ń bá gbé láti ìgbà ogun.

"Ìyá Ìbejì," Àbúdù wí, omi ti lé sójú rẹ̀, "ẹ wò ó dáadáa. Ṣé Táyé nìyí?"

Yétúndé náà tẹjú mọ́ Comfort. Ó wò ó bí ẹni ń wá orúkọ tó ti gbàgbé. Ó la ẹnu, ṣùgbọ́n ariwo bò ó mọ́lẹ̀.

"Táyé ni," Comfort wí.

Wọ́n wọ́ tísà náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n gbé àwọn ọmọ méjèèjì sí èjìká, wọ́n sì ń kọrin títí dé ilé Comfort.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Táyé jókòó sórí ibùsùn, ó ń sunkún, ó ń béèrè màmá rẹ̀. Kẹ́hìndé ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

"No cry again," ó ní. "Mama, tell am how you take born us."

Comfort jókòó tì wọ́n. Ó ní òjò ń rọ̀ ní Ilẹ́ṣà lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sí iná, kò sì sí ọkọ̀ tó lè gbé aláboyún dé ilé ìwòsàn. Ó ní ọmọ ọ̀dọ̀ ló di àtùpà mú. Táyé jáde, ó ké. Gbogbo ilé rò pé ó ti parí, àfi bí Kẹ́hìndé ṣe yọ. Ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́, ọmọ náà sì di ìka rẹ̀ mú, kò fẹ́ tú u sílẹ̀. Táyé dákẹ́ ẹkún, ó ń gbọ́.

Kò sí irọ́ kan nínú ohun tó sọ, àfi pé Yétúndé ló rọbí lálẹ́ ọjọ́ náà, Comfort sì ni ọmọ ọ̀dọ̀ tó di àtùpà mú.