Sàídù Dí Ẹ̀yìn Fíríìjì

Àfínjú kò burú, ṣùgbọ́n ti Sàídù dẹ́rẹ́bà ti kọjá àfínjú. Torí kí aráyé lè yìn ín ló ṣe ń ṣe é. Ohunkóhun tó bá ti lè ba ẹwà ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́, kò ní bèèrè iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe kó tó sọ pé àfi kó kúrò níbẹ̀.

Ọkọ̀ ọ̀hún kì í kúkú ṣe tirẹ̀! Ní nǹkan bí ọdún 1988 ni. Òyìnbó kan tó ń padà sílé ló fi ọkọ̀ funfun náà sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà, fíríìjì kékeré tó ń lo gáàsì náà wà. Òun ni Nọ́ọ̀sì Rúùtù fi ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára kiri fún àwọn ọmọdé, Sàídù ló sì ń wà á. Nígbà tí fíríìjì yìí ò tutù dáadáa mọ́, Rúùtù ní kí wẹ́dà gé ihò méjì sára ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa wọlé, ọ̀kan lókè kí ooru máa jáde. Láti ìgbà náà ni omi inú rẹ̀ ti ń dì.

Inú Sàídù ò dùn sí i. "Màmá, ẹ wo bí wọ́n ṣe dá ihò sí ọkọ̀ arẹwà yìí lára! Eruku ọyẹ́ á tún máa gba ibẹ̀ wọlé."

Rúùtù rẹ́rìn-ín. "Sàídù, ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Bí ooru ẹ̀yìn fíríìjì ò bá ríbi jáde, inú rẹ̀ ò ní tutù. Jọ̀ọ́, má fọwọ́ kàn án o."

"Mo ti gbọ́, mà." Gbígbọ́ ẹnu lásán!

Nígbà tó ku ọ̀la tí wọ́n máa lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, àdúgbò Sàídù gan-an, ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á rí ọkọ̀. Marufat ìyàwó rẹ̀ náà á gbé Ràódàt, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n fojú sọ́nà fún títí kí wọ́n tó bí i, wá gba abẹ́rẹ́ èéyi. Sàídù fọ ọkọ̀ títí ó fi ń dán. Ó wá ki fóòmù bọ ihò méjèèjì, ó fi awọ pupa Ọ̀yọ́ bò wọ́n. "Ọjọ́ kan péré, kí ló máa ṣe?" ló wí. Ẹ̀tẹ́ ló kúkú ń gbẹ̀yìn àṣejù.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ìyá ọmọ tò lọ bẹẹrẹ. Marufat ló ṣáájú, Ràódàt sì ń rẹ́rìn-ín sí bàbá rẹ̀. Rúùtù ṣí fíríìjì, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ojú rẹ̀ yí padà. Yìnyín ti yọ́ tán, ìgò abẹ́rẹ́ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó lọ wo ara ọkọ̀ lẹ́yìn fíríìjì, ó rí awọ.

"Sàídù, ta ló dí i?"

Ojú tì í. "Èmi ni, mà. Ẹ ṣáà fún un bẹ́ẹ̀ náà, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ mi ni."

"Torí pé ọmọ rẹ ni mi ò ṣe ní fún un," ni Rúùtù dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Abẹ́rẹ́ yìí ò lágbára mọ́. A kàn máa tan ara wa jẹ ni."

Gbogbo wọn gbé ọmọ padà sílé. Kí wọ́n tó rí abẹ́rẹ́ mìíràn gbà, èéyi ti wọ àdúgbò. Ara Ràódàt gbóná janjan, ó sú láti orí dé ẹsẹ̀. Sàídù gbé e sáyà, ó ń sunkún, ó ń bẹ Ọlọ́run. Ọlọ́run dá ẹ̀mí ọmọ sí, àmọ́ ojú òsì rẹ̀ fọ́. Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ti Sàídù tọ ọmọ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí Ràódàt bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, Sàídù na àkàrà sí i láti apá òsì. Ọmọ ò rí i. Ó kọjá lára rẹ̀, ó ń pè é, "Bàbá dà?" Sàídù bú sẹ́kún.

Marufat fọwọ́ kàn án léjìká. "Bàbá Ràódàt, mo ti forí jì yín. Ẹ bọ́ sápá ọ̀tún kó lè rí yín." Ó bọ́ sápá ọ̀tún. Ibẹ̀ náà ló sì ń gbà tọ ọmọ rẹ̀ lọ láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin ará mi, ohun tí ò bá wù wá lójú lè jẹ́ òun ló ń dá ẹ̀mí ọmọ ẹlòmíràn sí. Ká bèèrè iṣẹ́ tó ń ṣe ká tó fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá sì ti sọ fún wa, ká gbọ́, nítorí gbogbo àgbà pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe.