Ọjọ́ Tí A Rẹ Ohùn Rédíò Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ní abúlé wa ní etí odò Òfikì, bàbá alágídí kan wà tí kì í gba ìtọ́ni lẹ́nu ẹni tó bá kéré sí i. Ẹ má wulẹ̀ máa wo ojú ara yín, èmi ni.

Agídí yìí náà ló jẹ́ kí n kọ́ ìwé kíkà fúnra mi nígbà tí mo ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, mo gba ìwé àṣẹ láti máa fi rédíò bá àwọn ará ìlú mìíràn sọ̀rọ̀. Tíṣà Moróunkéjì, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ wa, bá mi so kọ̀ǹpútà kékeré kan mọ́ ọn, èyí tí kò tóbi ju páálí ìṣáná ńlá lọ. Bí mo bá tẹ ọ̀rọ̀ sí i, á sọ ọ́ di ohùn bíi ti ẹni tó ń súfèé. Rédíò á gbé ohùn náà lọ, kọ̀ǹpútà ẹni tó wà lọ́hùn-ún á sì tún un kọ sílẹ̀. Ó máa ń kọjá níbi tí ohùn ẹnu kò ti lè kọjá.

Ní ọdún tí omi gbé afárá wa lọ, ejò bu Làbákẹ́, ìyàwó àbúrò mi, ṣán lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oko iṣu. Nọ́ọ̀sì wa kò ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò. Ilé ìwòsàn tó wà ní òdìkejì odò ló ní in, a kò sì ní ọkọ̀ ojú omi tí a lè fi gbé e sọdá. Fóònù kankan kò sì ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n gbé Làbákẹ́ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, nítorí pé Adélọ́wọ̀, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣe rédíò, ń gbé nítòsí ilé ìwòsàn náà, kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sì máa ń wà ní títàn ní gbogbo ìgbà.

Mo fi ẹnu pè é, ariwo nìkan ni mo gbọ́. Mo tẹ ọ̀rọ̀ sí kọ̀ǹpútà, mo yí ohùn rẹ̀ dé òpin, mo sì fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdáhùn kò wá. Ẹsẹ̀ Làbákẹ́ ti wú dé orúnkún.

"Bàbá, ẹ rẹ ohùn yẹn sílẹ̀," ni Moróunkéjì, tó ti sáré tẹ̀lé wọn wá, wí, ó sì na ọwọ́ sí rédíò. "Ó ti pọ̀ jù, ó ń fọ́. Kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ yín kò lè mọ ohun tí ẹ kọ."

"Gbọ́ mi, tíṣà. Ta ló ń ké gbà mí tó tún ń rọra sọ̀rọ̀?" Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

Làbákẹ́ gbé orí sókè lórí ẹní. "Bàbá Àjọkẹ́, ṣé agídí yín lẹ fẹ́ fi sin mí ni? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ tètè sọ, kí n pín aṣọ mi."

Àwàdà ló ń ṣe, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí ẹsẹ̀ tó wú náà. Ojú tì mí. Mo dìde lórí àga, mo ní, "Tíṣà, jọ̀ọ́, wá ṣe é."

Ó yí ohùn náà wálẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kó má dún mọ́, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́. A dúró. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú kọ̀ǹpútà, mo sì ń kà á sókè bó ṣe ń yọ: "Mo ti rí i. Abẹ́rẹ́ ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ máa retí wa ní etí odò." Omijé kò jẹ́ kí n rí ìyókù, Moróunkéjì ló bá mi kà á parí.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti gún Làbákẹ́ ní abẹ́rẹ́. Lónìí, òun ló ń bu iṣu sí abọ́ mi, tó sì ń pè mí ní Bàbá Aláriwo. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Adélọ́wọ̀, àmọ́ kò sí ọjọ́ tí mo rí Moróunkéjì tí n kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi ẹfun sàmì sí ibi tó yí ohùn náà dé, n kò sì kọjá ibẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyí: agídí lè ràn yín lọ́wọ́ láti kọ́ ohun tó le, àmọ́ bí ẹni tó mọ̀ jù yín lọ bá ń tọ́ yín sọ́nà, ì báà kéré sí yín lọ́jọ́ orí, ẹ tètè gbà fún un, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ẹ̀mí ẹnì kan lè wà lọ́wọ́ ìgbọràn yín.