Kọ̀ǹpútà Ṣíjúadé

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Ṣíjúadé ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti ń dédé tan lálaalẹ́, ìyá rẹ̀ a sì jókòó tì í. Bàbá rẹ̀ pe Múfú tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe pé kó wá pa ìranù náà lẹ́nu mọ́.

Múfú fa wáyà yọ, ó tú àpótí tó ń fún un níná sórí tábìlì. Síbẹ̀, fáànù inú àpótí náà ń yí, fìììì.

“Bàbá, iná ò sí lára ẹ̀ mọ́ o!”

Bàbá pòṣé. “Ojo! O ń pera ẹ ní oníṣẹ́.”

Fáànù ń yí. Kí Bàbá tó mọ̀, ó ti jágbe bó ṣe máa ń ṣe nígbà ayé ọmọ náà: “Ṣíjú, pa nǹkan yìí, kó o lọ sùn!”

Fáànù dúró jẹ́ẹ́.

Ìyá gbójú sókè. “Bàbá Ṣíjú, ẹ tún ti lé e.”