Fèrèsé Ọkọ̀ Ojú Irin Abẹ́òkúta

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni èmi àti bàbá mi máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Abẹ́òkúta, kí wọ́n lè rí abúlé wọn, Ìdí-Òro, lójú ọ̀nà. Àwòrán ìgbà àtijọ́ ni fèrèsé ọkọ̀, tó dà bí ojú tẹlifíṣọ̀n, máa ń gbé jáde: igbó, oko kòkó, ilé alámọ̀.

Lánàá, àwòrán náà kú lójijì. A rí ilẹ̀ gbígbẹ, a sì rí àwọn èèyàn tó ti rù kan eegun, tí wọ́n ń juwọ́ sí wa. Kíá ni àwòrán padà.

"Ìjọba ní kò sẹ́ni tó kù níbẹ̀ mọ́," ni bàbá mi wí. "Mosúnmọ́lá, ìwọ náà rí wọn, àbí?"

Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ti dúró tì wá, ó ń wo ẹnu mi.

Mo ní mi ò rí nǹkan kan.