Apínlẹ́tà Tí Kì Í Tú Lẹ́tà Tirẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí ẹ̀rù ọ̀rọ̀ líle máa ń bà. Kì í jalè, kì í mutí, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jà. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ohunkóhun tó bá lè dùn ún, ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí i. Eyín ro ó títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi wú, ó ní ó dọ̀la. Òjò ń jò sórí ibùsùn rẹ̀, ó ti ibùsùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ó dọ̀la. Bí àwọn ará àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Ódọ̀la nìyẹn, òun náà sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín sí i.

Lẹ́tà ni Ódọ̀la ń pín. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń gbé báàgì kiri àwọn òpópónà kan náà, títí kan èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, ni wọ́n jọ ń gbé ilé tí ìyá wọn fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà. Ẹ̀rọ méjì ló ní nínú yàrá iwájú, ibẹ̀ ló sì ti ń jẹun. Nígbà tí òrùlé jò débi tí omi ń kán sórí aṣọ oníbàárà, Ódọ̀la lọ yáwó láti tún un ṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe onídùúró fún un, wọ́n sì fi ìwé ilé dógò.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ó ń san án déédéé. Lẹ́yìn náà ni ọjà wọ́n, ìjọba ìpínlẹ̀, tí òun náà ti jẹ gbèsè dọ́rùn, sì fi kún owó orí. Owó oṣù kò tó ná mọ́, kì í ṣe fún òun nìkan. Àpòòwé pupa rúsúrúsú tó ní fèrèsé ike ni àwọn ayánilówó fi ń kọ̀wé, nínú ogójì ilé tó wà ní òpópónà náà, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ń gbà á. Ódọ̀la ń pín tàwọn aládùúgbò fún wọn. Nígbà tí tirẹ̀ dé, kò tú u. Ó jù ú sínú páálí bàtà kan lábẹ́ àtẹ̀gùn. Nígbà tí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé, ó jù ú mọ́ ọn. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, àmọ́ Ódọ̀la ò fẹ́ mọ̀ pé igi kankan ń hù.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í léèrè bó ṣe ń lọ aṣọ.

"Àbúrò mi, ṣé àwọn olówó yẹn ò tíì kọ̀wé sí mi ni? Wọ́n ní onídùúró náà máa ń rí lẹ́tà gbà."

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má da ara yín láàmú."

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé àánú ló mú òun purọ́. Èmi ò gbà á gbọ́. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kò fẹ́ rí.

Nígbà tó yá, ìjọba rí i pé wọ́n ń lé àwọn èèyàn kúrò nílé jù. Wọ́n ṣí ọ́fíìsì kan sẹ́yìn kóòtù, wọ́n sì kọ̀wé sí gbogbo onígbèsè: ẹni tó bá yọjú kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù, wọn yóò bá a bẹ ayánilówó, wọn yóò gé èlé kúrò, wọn yóò sì pín ìyókù sí ọdún púpọ̀. Àpòòwé onífèrèsé kan náà ni wọ́n fi kọ ọ́. Ti Ódọ̀la àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé. Inú páálí ni méjèèjì sùn sí.

Aránbàtà tó wà ní ìkángun òpópónà ló là á fún un. Ó ní òun ti lọ, wọ́n sì ti ṣàánú òun, kí Ódọ̀la náà tètè lọ. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Ódọ̀la mọ̀ pé kí òun tó lè lọ, òun gbọ́dọ̀ mú ẹ̀gbọ́n òun dání, òun sì gbọ́dọ̀ gbé páálí yẹn jáde. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́. Ó dákẹ́ títí Jímọ̀ fi kọjá.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ń pín lẹ́tà bọ̀ nígbà tó rí ọkọ̀ kóòtù níwájú ilé wọn. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ kan dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró tì í, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń fi sùúrù ṣàlàyé pé wọ́n ṣìlé ni, pé òun ò rí lẹ́tà kankan. Bó ṣe rí àbúrò rẹ̀, ojú rẹ̀ tù.

"Òun nìyẹn. Òun ló ń pín lẹ́tà níbí. Ẹ bi í, kò ní parọ́ fún yín."

Òṣìṣẹ́ kóòtù kọjú sí i. "Méje la kọ sí màmá yìí. Ṣé ẹ mú wọn wá, àbí ẹ ò mú wọn wá?"

Ódọ̀la sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀. Ó wọlé, ó gbé páálí jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sórí àpótí ẹ̀rọ, ó sì ń tú àwọn lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ń dúró dè é. Nígbà tó kan ti ìjọba, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Bí mo bá mú èyí lọ lónìí ńkọ́?"

"Wọ́n ti ti ọ́fíìsì yẹn pa, màmá. Owó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún un ti tán."

Kò bá àbúrò rẹ̀ wí. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun kọ́kọ́ kó aṣọ àwọn oníbàárà jáde, nítorí pé aṣọ aláṣọ ni.

Ilé lọ, ẹ̀rọ méjèèjì lọ. Iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ lé Ódọ̀la lẹ́nu iṣẹ́, torí pé ẹni tó bá kó lẹ́tà ẹlòmíràn pamọ́, olè ni wọ́n ń pè é. Yàrá kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì há sí lónìí, ọwọ́ sì ni ẹ̀gbọ́n fi ń ṣẹ́ etí aṣọ olówó pọ́ọ́kú. Ó ń bu oúnjẹ fún un, ó ń dáhùn bó bá kí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ mọ ohunkóhun, ì báà ṣe aago tó lù, ará ilé kejì ló máa ń lọ bi.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ rèé, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á. Ìgbà le, kò sì sí ẹni tí gbèsè ò lè bá lálejò, nígbà tí ìjọba pàápàá ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹ tú lẹ́tà yín. Ẹ jẹ́ kí ẹni tẹ́ ẹ jọ jẹ gbèsè mọ iye tó kù lọ́rùn yín, nígbà tí ọ̀nà ṣì wà. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ará ilé rẹ̀ nítorí ìtìjú lè rí ilé mìíràn háyà lọ́jọ́ iwájú, àmọ́ kì í sábà rí ẹni tí yóò tún gbà á gbọ́.