Ètò Ọgbọ̀n Ọdún fún Omi Ìdọ̀tí

Láyé ọjọ́un, nígbà tí ìlú kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòòrò, ẹnjiníà kan wà níbẹ̀ tí ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nídìí táǹkì tí wọ́n ti ń sọ omi ìdọ̀tí ìlú di mímọ́. Táǹkì náà ti sán lára. Bí òjò ńlá méjì bá tún rọ̀ lé e, ìdọ̀tí yóò ya wọ odò tí tọmọdé tàgbà ń mu. Ẹnjiníà ka iye ilé tí yóò wà nílùú lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ó ya àwòrán táǹkì tuntun, ó sì gbé ètò náà tọ ìgbìmọ̀ ìlú lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló lọ. Kí ó má baà pẹ́, ẹnu iṣẹ́ ló ń gbà lọ tààrà. Bó bá ti wọlé, akọ̀wé á ṣí fèrèsé. Alága á fi aṣọ ìnujú bo imú, á ní ọ̀fìnkìn ló ń ṣe òun. Wọn kì í ka ojú ìwé kejì tán kí wọ́n tó ní kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀.

Nígbà kẹfà, alága bi í pé, "Ṣé táǹkì tuntun yìí ò ní máa rùn?"

"Ẹ̀yin àgbà, ti àtijọ́ gan-an ò rùn. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo ti ń jẹun ọ̀sán."

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀.

Ó fajú ro délé. Ìyàwó rẹ̀ gba bàtà rọ́bà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbé oúnjẹ fún un níta bí ìṣe rẹ̀, ó ní atẹ́gùn ibẹ̀ tura. Ọkùnrin náà ń ráhùn pé ìgbìmọ̀ ń fòní dónìí, wọ́n ń fọ̀la dọ́la, òjò ò sì ní dúró dè wọ́n.

Nígbà keje, ẹnjiníà ti fi ẹsẹ̀ rọ́, ìyàwó ló bá a gbé ètò náà lọ. Ó rò pé òun ò ní pẹ́, ó ní kí ọkọ òun bá òun ṣọ́ ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Ọkọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó kẹ̀yìn sí ìkòkò, ó ń tún ìṣirò rẹ̀ wò.

Ọjọ́ ti rọ̀ kí ìyàwó tó dé. Ìgbìmọ̀ ti ka ètò náà tán pátá, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i.

"Kí lo sọ fún wọn tí èmi ò sọ?"

"Mi ò sọ nǹkan kan. Wọn ò tiẹ̀ ṣí fèrèsé."

Obìnrin náà wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀, níbi tí ọbẹ̀ ti jóná mọ́ ìdí ìkòkò, tí ará ilé kejì sì ti fi aṣọ bomú, ó wá rọra bi í pé, "Baálé mi, ìgbà wo lẹ gbọ́ òórùn nǹkan kan gbẹ̀yìn?"

Ilé tiwa kò ní ṣàìní ẹni tí yóò sọ òótọ́ fún wa, àwọn ọmọ wa yóò sì mu omi tó mọ́.